Ọmọbìnrin Tí Kò Lórúnkún

Ẹ bá mi gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, kí ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn. Láàárọ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà wa ni mo ti pọn omi, mo ń kọrin. Kí n tó sọ garawa kalẹ̀, ẹni tó fi òùngbẹ jẹ wá níyà ti ránṣẹ́ pé kí n wá ṣiṣẹ́ fún òun. Ìyá mi ní kí n gbà. Inú tó dùn ọ̀hún náà ló tún ń ru yìí!

Èsìẹ́ ni ilé wa. Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ kò sí, mo padà sílé. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ fún àdúgbò wa, nítòsí ẹnu ọ̀nà wa. Ọlọ́lá kan tó ń gbé Èkó wá kọ́lé síbẹ̀, ó mọ odi yí ilé rẹ̀ ká, ó sì mọ ọ́n yí omi wa náà ká. Bí ìyá mi ṣe padà sí odò nìyẹn, òun tí orúnkún ń dùn. Mo pariwo ní gbogbo ìpàdé. “Ọmọ tó kàwé jù,” ni wọ́n ń pè mí. Ṣé ìwé ló mọ odi náà ni?

Mo bá fi iṣẹ́ ọwọ́ mi jà. Mo ya ọmọbìnrin kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà, Àṣàkẹ́, tó ru garawa. Ègé-ègé là ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, à ń tò ó lé ara wọn bí aṣọ tí a ká: orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀. A ó wá fi oríkèé so wọ́n, kí wọ́n lè máa mira. Mo ṣe oríkèé sí apá, nítorí Àṣàkẹ́ ní láti nàka sí odi. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Odindi ni mo yà á. Ta ló ń wo ẹsẹ̀! Nínú àwòrán náà, Àṣàkẹ́ wọ ìpàdé àwọn àgbà, ó dúró, ó bèèrè ẹni tó há omi mọ́lé. Mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ìlú lórí fóònù, mo ń retí kí ilé gbiná.

Ilé gbiná lóòótọ́, ara Àṣàkẹ́ ni iná ọ̀hún ń jó. “Ọmọ ta nìyí tó dúró ṣánṣán níwájú àgbà?” “Wọn ò kọ́ ọ nílé ni?” Ẹnì kan tiẹ̀ ní, “Ère òkúta Èsìẹ́ gan-an lórúnkún ju ọmọ yìí lọ!” Kò sẹ́ni tó dárúkọ omi. Ha! Olè wà níbẹ̀, orúnkún ọmọdé ni wọ́n ń wò!

“Rọra, ọmọ mi,” ni ìyá mi wí. “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí kò kí wọn, o ti fún wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ dípò omi.”

Mo gé ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́ sí méjì, itan àti ojúgun, mo fi oríkèé sí orúnkún. Bó ṣe ní kó kúnlẹ̀, ojúgun yà sọ́tọ̀, ó ń dá lọ síbi garawa. “Yéè! O ti dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀!” Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo tún un yà. Mo jẹ́ kí orí ojúgun rí róbótó, kó wọ abẹ́ itan dáadáa, kí àlàfo má baà yọ tó bá tẹ̀. Síbẹ̀, ńṣe ló ń wó lulẹ̀ bí àpò gàrí. Ni ìyá mi bá ní, “Wò mí.” Ó fi orúnkún kan lélẹ̀, ó fi ìkejì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ nínú wa.

Àṣàkẹ́ tuntun sọ garawa kalẹ̀, ó rọra kúnlẹ̀, ó kí wọn tọkùnrin tobìnrin, ó bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ ti ilẹ̀ kó tó lè dìde, bí ìyá mi ṣe ṣe é gẹ́lẹ́. Ta ni yóò bú u? Mo tún fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́: “Ọmọ ti kí yín o, ẹ̀yin bàbá. Ẹ dá a lóhùn!” Ọ̀rọ̀ dé Ọ̀mù-Àrán, ó dé Agbamu. Àwọn ọmọ ìlú ń pè láti Èkó. Àwọn àgbà tó ń sá fún mi náà ló pe ọlọ́lá jókòó, wọ́n sì wó odi níṣojú rẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ pọn omi!

Ọlọ́lá yìí fẹ́ díje nínú ìbò báyìí. Ó ní kí n ya òun, kí n fún òun lóríkèé tó dára, kí òun lè dọ̀bálẹ̀ fún aráàlú lórí fóònù. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ wí? N ó gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi ná. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọlọ́run ti fún un lóríkèé láti inú ìyá rẹ̀ wá. Kó gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà wa, kó fi dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi.