Bí Ilé Ọdẹ Ṣe Di Ilé Ọnàdípẹ̀

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí igbó ṣì ń wọ́ dé ẹnu ìlẹ̀kùn àwọn ènìyàn, tí kùrukùru òwúrọ̀ kì í tètè ká nílẹ̀, àwọn baba wa kì í jẹ́ Ọnàdípẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Títílọlá ló béèrè pé kí ló dé tí àwọn ìyá ilé fi ń kì wá ní ọmọ ọdẹ, tí orúkọ wa sì jẹ́ ti gbẹ́nàgbẹ́nà, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ ṣíbí igi lásán nínú wa. Ìbéèrè gidi ni. Ìwọ Akínlabí, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìtàn ilé yín lọ́jọ́ kan, fóònù kọ́ ni yóò bá ọ dáhùn.

Ọdẹ ni wá. Ọdẹ́rìndé ni baba tó ṣẹ̀ wá sílẹ̀ ń jẹ́. Ó ń dẹ igbó, ó ń dẹ ẹ̀gàn, ó ń dẹ ibi tí oòrùn kì í dé. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Ọnàdípẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún àwọn olóyè. Ohun tí ọ̀kan bá jẹ, èkejì á tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n Ọnàdípẹ̀ kò bímọ, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò lẹ́gbọ̀n-ọ́n, kò lábùúrò. Bó bá gbẹ́ ìlẹ̀kùn tán, á fọwọ́ pa á lára, á ní, "Ọdẹ́rìndé, lọ́jọ́ tí mo bá lọ, ta ni yóò máa dárúkọ mi?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Yóò tún sọ ọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìndé wọ ẹ̀gàn, kò bọ̀. Àwọn ọdẹ wá a, wọ́n wá a, wọ́n padà sílé. Wọ́n ní igbó ti gbé e mì, wọ́n fẹ́ máa ṣe òkú rẹ̀. Ọnàdípẹ̀ ní kí wọ́n dúró ná. Ẹ̀yin ọmọ, gbẹ́nàgbẹ́nà kì í ṣe ará ẹ̀gàn. Kò mọ ipa ẹranko, igi ló mọ̀. Ó mú àáké kékeré tó fi ń ṣiṣẹ́, ó wọ igbó, gbogbo igi tó bá kọjá lára rẹ̀, á ṣá a díẹ̀, kí funfun inú rẹ̀ lè yọ, kó lè mọ ọ̀nà ilé. Ó ń lọ, ó ń ṣá, ó ń lọ, ó ń ṣá. Wọ́n ní nínú ẹ̀gàn yẹn, ọ̀sán dà bí àlá, bí èèyàn bá pe orúkọ, á pẹ́ kí ohùn náà tó padà wá. Níkẹyìn ó gbọ́ ìmí ènìyàn nínú kòtò. Ọdẹ́rìndé ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán.

Ó fà á jáde, ó pọ̀n ọ́n, àgbàlagbà pọn àgbàlagbà, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn igi tó ti ṣá. Lójú ọ̀nà ni paramọ́lẹ̀ ti bu Ọnàdípẹ̀ ṣán. Kò sọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ọ̀rẹ́ òun á fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òun, á máa wọ́ nílẹ̀ wá ewé tó ń pa oró ejò kiri, ilẹ̀ á ṣú bá àwọn méjèèjì. Ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ títí wọ́n fi délé, ó sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, òun náà jókòó, kò dìde mọ́. Ìgbà tí wọ́n rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ni wọ́n tó mọ̀. Ọdẹ́rìndé sunkún títí. Ó ní, "Mo mọ ewé tó ń pa oró paramọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí a gbà ló wà." Ó dùn ún títí dọjọ́ ikú rẹ̀.

Kò pẹ́, Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ bímọ ọkùnrin. Lọ́jọ́ ìkómọ, gbogbo ẹbí ń retí orúkọ ọdẹ. Ọdẹ́rìndé ní, "Ọnàdípẹ̀ lọmọ mi ń jẹ́. Ẹ máa pe ilé mi ní ilé Ọnàdípẹ̀."

Olórí ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ní, "O fẹ́ pa orúkọ baba rẹ rẹ́? Bó o bá dán an wò, kó ẹrù rẹ jáde nínú agbo ilé yìí."

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Orúkọ ọdẹ, gbogbo yín lẹ ń jẹ́ ẹ. Ti ọ̀rẹ́ mi, ẹnu kan ló kù tó ń pè é, tèmi ni. Bí mo bá kú, ó tán."

Bàbá kò gbà. Ọdẹ́rìndé kó ẹrù rẹ̀, ó ń tiro, Àṣàbí pọn ọmọ tẹ̀ lé e, wọ́n wá tẹ̀dó síbi tí ẹ jókòó sí yìí. Oríkì ọdẹ bá wọn wá, torí oríkì kì í ṣe ẹrù tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nílé wa, bàbá ọmọ kọ́ ló ń kọ́kọ́ pe ọmọ tuntun lórúkọ. Ẹni tí Ọlọ́run kò fún lọ́mọ ládùúgbò la ń lọ bẹ̀. A ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ pè é, ọmọ náà ni yóò sì sin ín lọ́jọ́ alẹ́.

Lọ́la la ó kó ọmọ tuntun tí Fọlákẹ́mi bí sílé wa jáde. Mo ti lọ bẹ Mopélọ́lá, aránṣọ òdìkejì ọ̀nà. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ní kó ṣáà máa bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀: bó bá gbé e, ẹ má tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.