Mo Pe Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó Mi Lólè Nítorí Ampilifáyà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán. Ampilifáyà kan wà ní pálọ̀ mi ní Ìbẹ̀rẹ̀kó, tó dùn débi pé bí mo bá fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i, ẹ ó rò pé olórin ọ̀hún jókòó tì yín ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kì í bá mi gbọ́ ọ. Bí mo bá ti tan án, ilé ìdáná ló ń gbà lọ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ẹnu ara mi ni mo sì fi fa tèmi.

Iṣẹ́ ajẹ́ńtì ni mo ṣe ní ibodè Sẹ̀mẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, à ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù kọjá. Kí ni ojú mi ò rí tán níbẹ̀? Wọ́n á kọ aṣọ sára páálí, bàtà ni ẹ ó bá nínú rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń ṣàdúrà fún yín, ìrẹsì ló jókòó lé! Nítorí náà, kí ẹrù tó kúrò lójú wa, a máa ń dọ́gbọ́n fi àmì bín-ín-tín sí i níbi tí ẹlòmíì kò ní wò, ká lè mọ̀ bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà. Àmì yẹn gbà mí lọ́wọ́ olè lọ́pọ̀ ìgbà, n kò ní purọ́. Mo wá fẹ̀yìn tì, ìfura kò bá mi fẹ̀yìn tì.

Ìgbà tí ọwọ́ mi dilẹ̀ ni mo gbé àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù tí bàbá mi fi sílẹ̀ jáde. Ampilifáyà ìgbàlódé tí mo kọ́kọ́ rà ń gún mi létí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ní kí n wá onígílóòbù, irú ti àtijọ́, tí gílóòbù inú rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, á pọ́n, kí ohùn tó jáde, tí ohùn náà á sì rọ̀. Fòfó ni a ń pè é, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin. Òun ló tọ́ ìyàwó mi lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn, òun ló sì fà á lé mi lọ́wọ́. Rédíò ló ń tún ṣe ní Àgbádárìgì láti kékeré.

Méjì la rí. Ọ̀kan tuntun, ó ń dán, iná búlúù ń tàn lábẹ́ gílóòbù rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Ìjànikin. Èkejì ti dípẹtà, ó wà lọ́wọ́ opó olùkọ́ kan ní Àjàṣẹ́. Èyí tó ń dán ni mo fẹ́. Fòfó rẹ́rìn-ín, ó ní iná búlúù yẹn, àtíkè lásán ni. Ó ní kí n gbé èyí tó gbó wò, kí n wo bí irin inú rẹ̀ ṣe wúwo tó, pé ibẹ̀ ni ohùn ti ń wá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù. Kí ló dé tó fi ń tì mí sọ́dọ̀ opó yìí? Ṣé kò ní ìpín níbẹ̀? Igi gánganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

A ra ti opó. Fòfó ní òun fẹ́ gbé gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sílé òun láti yẹ̀ wọ́n wò. Ojú ń tì mí láti sọ èyí: kó tó wá gbé wọn, mo mú ọ̀dà èékánná ìyàwó mi, mo fi sàmì sí ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ kẹta ló kó wọn dé. Àwọn àǹtí ìyàwó mi méjì wà nílé lọ́jọ́ náà, wọ́n wá kí wa. Mo gba àwọn gílóòbù, mo dojú wọn dé. Méjì ní àmì, méjì kò ní! Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná.

Fòfó ní, “Dákun, jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ. Gílóòbù méjì níbẹ̀…”

N kò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, olè ni yín! Ẹni a ní kó féni lójú, tó fata sẹ́nu!”

Lójú àbúrò rẹ̀, lójú àwọn àǹtí rẹ̀! Ó gbé ìdì ìwé ìròyìn kékeré kan sórí tábìlì, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ìyàwó mi ló tú ìdì náà. Gílóòbù méjì yòókù tí mo fi àmì sí ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti funfun nínú bí ẹni pé wọ́n da wàrà sí i. Fòfó kọ ọ́ sára ìwé náà pé, “Méjì yìí ti kú.” Níbo ló wá ti rí méjì mìíràn? A sáré lọ sílé rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù onígílóòbù tirẹ̀ wà nílẹ̀ ní ṣíṣí, ojú ihò gílóòbù méjì ṣófo. Ti ara rẹ̀ ló yọ fún mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun ti dárí jì mí, kò sì gbà kí n dá gílóòbù padà. “Ẹ máa lò ó, àna mi. Ẹ ṣeun.” Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ mí, “ìwọ” ló ń pè mí bí àbúrò. Ọjọ́ yẹn ni mo di “ẹ̀yin.”

Lóṣù tó kọjá, ó wá wo àbúrò rẹ̀ nígbà tí mo lọ kírun Jímọ́ọ̀. Òjò dé, irú òjò etí òkun tó ń bá afẹ́fẹ́ jà. Ìyàwó mi bẹ̀ ẹ́ títí kó wọlé. Ó ní rárá, òun ò ní wọ pálọ̀ tí baálé kò sí nílé, kí nǹkan má baà sọnù. Nígbà tí mo dé, mo bá bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún lórí ìdúró ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó rin gbindin, ìyàwó mi náà sì dúró tì í nínú òjò, ó kọ̀ láti wọlé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni tó ti ní òun dárí jini, ẹ̀bẹ̀ wo ló kù tí a ó bẹ̀ ẹ́?