Ìwé Ìdìbò Nínú Bọ́ọ̀sì Peckham

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe di ọwọ́ ọmọ mi mú ṣinṣin nínú bọ́ọ̀sì Peckham nílùú London, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí wọ́n jókòó síwájú wa; ọ̀kan jẹ́ àgbà, èkejì sì ń pè wọ́n ní Mummy.

“Mummy, ìwé ìdìbò Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi rèé, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ mi ò dìbò mọ́. Ẹni tí mo mú lọ́jọ́sí ni wọ́n ká àbẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ yẹn. Ó ti rẹ̀ mí.”

“Màmá arúgbó tí ò lè dìde lórí ibùsùn yẹn, ṣé o yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì lórí shift alẹ́ àná?”

“Mo yí wọn, kí ẹ̀yìn wọn má bàa degbò.”

“Kò rẹ̀ ọ́?”

“Ha, Mummy! Ó rẹ̀ mí, mo sì yí wọn.”

“Ó dáa. Ọmọ mi wà ní Texas, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Àwọn aṣòfin tí ẹ fẹ́ dìbò yàn yẹn ló máa sọ bóyá ó lè dúró síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ìwọ lo lẹ́tọ̀ọ́.”

“Tí ẹni tí mo bá mú bá tún jalè ńkọ́?”

“Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa ń yí màmá yẹn ni?”

Èyí àbúrò rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ ìwé náà sórí itan, ó ń wá bírò. Mummy fún un ní tiwọn, wọ́n sì kọjú sí fèrèsé, kí wọ́n má bàa rí ẹni tó fẹ́ mú.