Páǹpù Tí Mo Yá Àlájà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ó ti tó bí ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sì lè sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ohun tí Àlájà gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Tanke, ní Ìlọrin. Ilẹ̀ kan wà létí odò lẹ́yìn àdúgbò Fate tí ẹni tó ni ín kò tíì kọ́lé sí, àwa mélòó kan ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Àlájà, ìyá àgbà ọmọ Ìlọrin kan, ló mú mi débẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń kọ ebè. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ gbin nǹkan, òun la máa ń bẹ̀ kó fi ọwọ́ rẹ̀ ju irúgbìn àkọ́kọ́ sílẹ̀. A ní ọwọ́ rẹ̀ ní àlùbáríkà.

Èmi nìkan ni mo ní páǹpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fọ́n oògùn. Lọ́jọ́ kan mo fi pa koríko ojú ọ̀nà. Páǹpù tó bá ti gbé oògùn koríko, ọṣẹ àti omi púpọ̀ la fi ń fọ̀ ọ́ kó tó kan ẹ̀fọ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òjò ṣú, mo sì fẹ́ tètè wọ kẹ̀kẹ́. Oògùn díẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mo gbé e sábẹ́ igi.

Lọ́jọ́ kejì Àlájà pè mí lórí fóònù pé kòkòrò ń jẹ ẹ̀fọ́ òun, ṣé kí òun lo páǹpù. Mo wà ní kíláàsì. Mo rántí pé n kò fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ojú tì mí láti sọ pé mo ṣe ọ̀lẹ, mo sì rò pé èyí tó kù kò tó nǹkan. Mo ní, "Ẹ máa lò ó, Àlájà."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ̀fọ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó sì gbẹ. Àwọn kan ní irúgbìn ni kò dára. Èmi ní odò ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ odò yẹn náà ni mo ń pọn bomi rin tèmi. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ yóò lé e bá.

Àlájà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kádàrà ni. Àlùbáríkà ti kúrò lọ́wọ́ mi." Àwọn yòókù náà ò sì pè é mọ́ láti wá gbìn fún wọn. Kò pẹ́ tó fi kúrò lóko. Ta ló gbé ebè rẹ̀ fún? Èmi. Ó ní èmi ni mo bá òun kẹ́dùn jù.

Láti ìgbà náà, mo máa ń gbé ẹ̀fọ́ lọ fún un nílé lọ́jọ́ Jímọ̀. Orí ebè rẹ̀ ni mo ti ń já a. Yóò tẹ́wọ́, yóò ṣe àdúà fún mi títí, èmi yóò sì máa ṣe àmín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ilé ti sú òun, ó wu òun kí òun tún ní ebè kan. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó wá tú etí ìborùn rẹ̀, ó kó irúgbìn tẹ̀tẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Tósìn, bá mi gbìn ín. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, kò ní hù."

Irúgbìn náà wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí mo bá gbìn ín tó sì hù, yóò dá a lójú pátápátá pé ọwọ́ òun ló burú. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, yóò mọ irú ẹni tó ti ń ṣe àdúà fún. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo sì padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún ìyá àgbà pé kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ rẹ̀ rí, pé ọwọ́ tèmi ni?