Ìkíni Inú Kàtúùnù

Kì í ṣe pé mo dẹtí sí wọn o, kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sí Lokongoma ló há, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń bọ̀ láti ibi àfihàn fíìmù àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Màámi, ẹ dójú tì mí lónìí."

"Kí ni mo ṣe?"

"Gbogbo èèyàn jókòó jẹ́ẹ́. Màmá àgbà yọ lójú ọ̀nà oko nínú kàtúùnù mi, wọ́n kí èèyàn bí wọ́n ṣe ń kí nílé wa, 'Okun o.' Ẹ̀yin náà bá pariwo látẹ̀yìn, 'Oo, Yèyé, okun!' Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín."

"Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Nílé wa, wọ́n kì í kí èèyàn kó dákẹ́."

"Àwòrán ni, Màámi! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yà á."

"O yà á lóòótọ́, gèlè yẹn ò tiẹ̀ jọ ti Yèyé. Ohùn yẹn ńkọ́? Ṣé ìwọ náà lo yà á?"

"Inú fóònù mi ni mo ti mú un. Mo gbà á sílẹ̀ kí wọ́n tó kú."

"Ó dáa. Látìgbà tí a ti sin ìyá mi, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi. O wá ní kí n dákẹ́ torí àwọn tó ń fún yín ní máàkì?"

Ọmọ náà yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn arúgbó kan sì jáde: "Okun o."

Gbogbo wa la dáhùn, títí kan oníkẹ̀kẹ́ tó jẹ́ ọmọ Ebira.