Iyẹ̀pẹ̀ Tó Wà Lórí Òkè Yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ ní kí n jókòó, ìjókòó kọ́ ló kàn, àbúrò yín ló fẹ́ sọ mí di wèrè nínú ilé ara mi! Ẹ wo orí tábìlì tá a fi ń jẹun. Ó fi fóòmù gbẹ́ òkè síbẹ̀, ó fi kànìnkànìn ṣe igbó, ó to ọmọ ogun tí kò ju èékánná lọ, kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè máa da dáìsì bíi ti lúdò, kí wọ́n máa tún ogun àtijọ́ jà. Ṣé mo bínú? Ọkọ ẹlòmíì ń mutí, tèmi ń kọ́ òkè, mo ní kò burú.

Ṣùgbọ́n ogun wo ló mú? Ogun tí bàbá mi jà! Orí òkè tó ń ṣe àwòkọ ẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti gbé e tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kú síbẹ̀. Títí tó fi kú, tó bá ń tòògbé lórí àga, á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fi òun sílẹ̀.

Iyẹ̀pẹ̀ gidi ni wọ́n ń kù, tí wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóòmù kó lè jọ ilẹ̀. Gbogbo èyí tó rí ládùúgbò, ó ní kò pupa tó. Àfi bí mo ṣe rí ike kan nínú ọkọ̀ ẹ̀ lánàá tí ìyókù iyẹ̀pẹ̀ pupa tó ti lẹ̀ mọ́ òkè náà wà nínú ẹ̀. Mo bi í. Kò tiẹ̀ purọ́! Ó ní orí sàréè bàbá mi lòun ti bù ú, pé àwọ̀ ẹ̀ bá ti òkè náà mu rẹ́gí, pé òun fi yẹ́ bàbá sí ni.

Kí lẹ wí? Pé iyẹ̀pẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ ń jẹ́? Ẹ má jẹ́ n gbọ́ ọ lẹ́nu yín! Ẹni tó bọ́ lórí òkè yẹn láàyè, ọkọ mi ti dá a padà síbẹ̀ lẹ́yìn ikú. Lọ́sàn-án yìí tí mò ń lọṣọ, mo gbọ́ ikọ́ bàbá mi nínú yàrá yìí, Olúwa ló ń gbọ́ mi. Mo sáré wọlé, kò sẹ́nì kankan. Eruku tó bá já bọ́ látorí tábìlì, mo ń gbá a jọ sínú abọ́, mi ò lè dà á nù. Ẹ̀rù ń bà mí, Ẹ̀gbọ́n. Àánú bàbá mi sì ń ṣe mí.

Ọkọ mi ní kò ṣeé yọ mọ́, pé gọ́ọ̀mù ti gan. Ta ló ní kó yọ ọ́? Ọ̀la làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ wá da dáìsì lé bàbá mi lórí. Ẹ̀yin lẹ tọrọ mi fún un lọ́wọ́ bàbá yẹn, ẹ̀yin náà lẹ máa sọ fún un: kó gbé òkè náà lódindi, tigi tọmọ ogun, lọ sórí sàréè lónìí. Bí kò bá gbé e, èmi á gbé e. Bàbá mi ò ní sùn sójú ogun mọ́.