Èédú Tí Kò Rú Èéfín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé pariwo. Bí mo bá ti rí Ìyá Ràṣídì, orogún mi, tó pọn ọmọ-ọmọ mi, ojú máa ń tì mí, ọpẹ́ a sì kún inú mi. Obìnrin tí mo pè ní àjẹ́!

Ní ìlú wa, Ìráwọ̀ ni, lọ́dún tí ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo wa là. Sìkírà, ìyàwó ọmọ mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Láyé tiwa, a kì í jẹ́ kí òtútù mú ọlọ́mọ tuntun. Láràárọ̀, bí mo bá ti wẹ ọmọ tán, màá kó èédú tó ń jó sínú ìkòkò, màá gbé e sí yàrá rẹ̀, màá ti fèrèsé, màá tún fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Igi tútù ló ń rú èéfín, èédú mi kò rú nǹkan kan, kí ni mo fẹ́ bẹ̀rù? Lọ́jọ́ kejì, Sìkírà ní, "Ìyá, orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi." Mo ní ọ̀lẹ ni! Èmi tí mo bí mẹ́jọ, ta ló gbọ́ orí fífọ́ lẹ́nu mi? Ńṣe ni mo fi èédú kún un. Àìmọ̀kan ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ fọ aṣọ ọmọ lódò. Nígbà tí mo dé, Ìyá Ràṣídì ti pe Sìkírà títí, kò jẹ́, ó sì ti já ilẹ̀kùn, ó ti wọ́ Sìkírà síta tòun ti ẹní, ó gbé ọmọ dání, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Sìkírà kò mira. Ẹ̀kọ gbígbóná tí orogún mi gbé fún un láàárọ̀ lọkàn mi lọ sí. Mo figbe ta: "O ti pa wọ́n! Àjẹ́!" Gbogbo àdúgbò gbọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ìyálé mi, ẹ jẹ́ ká wá mọ́tò ná."

Ní ọsibítù kan ní Ṣakí, wọ́n fi afẹ́fẹ́ inú àgbá sí wọn nímú. Dókítà bi mí léèrè ohun tó wà nínú yàrá, mo sì sọ ọ́. Ó mirí. Ó ní àwọn nǹkan pupa tíntìntín kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú káàkiri ara. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí a tì pa ń tú afẹ́fẹ́ burúkú sílẹ̀, ojú kò rí i, imú kò gbóòórùn rẹ̀. Yóò lẹ̀ mọ́ nǹkan pupa náà bí àlejò tó jókòó sórí ẹní onílé tó kọ̀ tí kò dìde, afẹ́fẹ́ rere kò sì ní ráyè mọ́. Ó ní, "Màmá, ẹni tó wọ́ wọn síta ló gbà wọ́n là." Ìyá Ràṣídì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ ké, ìyá rẹ̀ lajú. Alihamudulilahi! Nígbà tí a délé, èmi ìyálé kúnlẹ̀ fún Ìyá Ràṣídì, ìyàwó mi, nínú yàrá. Ó fà mí dìde, ó ní, "Ọmọ wa ni, Ìyálé mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bo ọmọ, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé èédú síta. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ìta gbangba ni mo ti bú u, inú yàrá ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Kò tó. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó gbọ́ igbe mi lọ́jọ́ náà: Ìyá Ràṣídì kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Èmi ni.